Wẹ́dà Ẹ̀gbẹ́ Ilé Rẹ

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Orí tábìlì ìjẹun ni mo jókòó sí tí mo ti ń kí ọ, ìyá rẹ sì ti ní kí n tètè parí kí òun lè rí ibi gé ẹ̀fọ́ sí. Ṣé ara rẹ le? Ṣé iṣẹ́ kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Ṣé òtútù ọ̀dọ̀ yín ti ń rọlẹ̀ díẹ̀? Ní tiwa, ọpẹ́ ni. Orúnkún mi ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi dé ibi tí mo bá ń lọ. Ìyá rẹ le koko, ohùn rẹ̀ sì tún le jù ú lọ. Àdúrà wa ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà àti ìsinmi. Wá ibi jókòó sí kí o tó máa kà á, torí ó gùn.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá mi kò kúkú pè mí lórí fóònù. Ìgbàkígbà tí a bá sọ̀rọ̀ ilé rẹ lórí fóònù, inú á bí ọ, inú á bí èmi náà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á sì já. Yàtọ̀ sí èyí, ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ẹnu mi kò gbà láti sọ sí ọ létí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹ́ akọ̀wé nílé ẹjọ́, tí mo ń fi ọwọ́ mi kọ ẹ̀bi àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀. Ó yẹ kí n lè kọ tèmi náà.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, o ní ohun méjì péré ló kù tí o lè ṣe sí ọ̀rọ̀ wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ: kí n lọ pe ọlọ́pàá kí wọ́n wá gbé e, tàbí kí n wá ẹni tó máa ra ilé náà kí o bọ́ lọ́wọ́ ìyọnu. Mo bẹ̀ ọ́ pé kí o fún mi ní oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta ti pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ nìyí.

Ìwọ fúnra rẹ kò mọ ọkùnrin náà, torí o ò tíì lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú ilé náà láti ìgbà tí o ti rà á. Yóò tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó ga, ó gbẹ, apá rẹ̀ méjèèjì sì kún fún ojú ibi tí iná ti jó o. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti yàrá tó ń sùn wà lábẹ́ páànù kan náà, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín òun àti ilé ìdáná rẹ. Géètì àti irin ojú fèrèsé ló ń ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Má-kí-mi, torí pé bí o bá kí i, ńṣe ló máa wò ọ́ bí ẹni tó ń wá ibi tí irin ti wọ́. Ìyá rẹ kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó ní òun fẹ́ mọ iye ìgbà tó máa gbà kí ó tó dáhùn. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ rẹ̀.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti máa ń tan ẹ̀rọ tó fi ń gé irin. Ariwo ẹ̀rọ náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi etí gbọ́, eyín lo fi máa gbọ́ ọ. Ó máa ń sun agolo ọ̀dà àti rọ́bà àtijọ́ lẹ́bàá ògiri, èéfín á sì gba ojú fèrèsé wọ yàrá àwọn ayálégbé rẹ. Bí ó bá gé irin tán, èyí tó ṣẹ́kù á fò kọjá ògiri sínú ọgbà wa. Ayálégbé méjì ti kó jáde nítorí rẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó ń gbé ibẹ̀ báyìí àti ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà tó dé.

Nọ́ọ̀sì yìí gan-an ló jẹ́ kí n tọrọ oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó wá sílé wa pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, ó jókòó sétí àga bí ẹni tí kò fẹ́ pẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, a fẹ́ kó lọ." Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe ní ọsibítù, ọ̀sán ló yẹ kí ó máa sùn. Ó ní òun ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn, òun ti débi bẹ́ẹ̀dì, kí ẹnì kejì òun tó di òun lọ́wọ́ mú pé, "Kì í ṣe ìyá yìí ló ni oògùn yẹn." Ó ní, "Bàbá, ọjọ́ kẹrin rèé tí mi ò sùn. Bí mo bá fi orí lélẹ̀, ó dà bíi pé orí mi ló ń gé." Ó wá bú sẹ́kún. Ìyá rẹ jáde láti ilé ìdáná, ó bá a sunkún, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà rárá.

Mo ní kí ó ní sùúrù fún mi. Lọ́jọ́ kejì mo wọ kóòtù tí mo máa ń wọ̀ lọ sílé ẹjọ́ tẹ́lẹ̀, mo kun bàtà mi, mo kọrí sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Iná ń ta lára irin tó ń gé. Mo kí i. Mo tún kí i. Ó gbé awò dúdú tó fi bojú sókè, ó wo bàtà mi, ó da awò náà bojú padà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ mi, inú bí mi débi tí mo gbàgbé ọjọ́ orí mi. Mo kígbe bo ariwo ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, mo ní, "Ṣé o mọ ẹni tó ni ilé yìí? Ọmọ mi lè ra ìwọ àti ṣọ́ọ̀bù ẹ pọ̀, kó sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí!" Kí n tó dé ẹnu géètì ni ojú ti ń tì mí. Mo bẹ̀ ọ́, má bínú pé mo fi ìwọ halẹ̀ mọ́ ọmọ ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi yìí kò lọ lásán. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé láago mẹ́jọ àárọ̀, irin gígùn gígùn bíi mẹ́wàá ló bá tí wọ́n dùbúlẹ̀ dí ẹnu géètì. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí ilé ìwé. Wẹ́dà kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti lọ ra nǹkan. Orí òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ọmọ ọlọ́mọ jókòó sí fún wákàtí kan ààbọ̀, tó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀, tó ń tòògbé. Wẹ́dà ló to irin náà síbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ẹnu mi ti géètì mọ́ ọn.

Tíṣà wá gbaná jẹ. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹni jẹ́jẹ́ ni, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè rí. Lọ́jọ́ náà ó lọ yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn nílé ìwé, ó fẹ́ kọ ojú rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kí ó sì ti redíò bọ̀ ọ́. Ó ti ṣírò ibi tó máa gbé e sí àti bí ohùn náà ṣe máa lọ. Mo ní, "Ọmọ mi, tó o bá fi ariwo bá a jà, ìyàwó ẹ nìkan ni ò ní sùn." Ó ronú sí i, ó ní ìṣirò mi péye, ó sì dá ẹ̀rọ náà padà.

Ní ti ọlọ́pàá àti ẹjọ́ tí o sọ, mo ti rí ibi tó máa ń já sí. Ọkùnrin méjì kan pe ara wọn lẹ́jọ́ nítorí ògiri tó wà láàárín wọn nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́. Irun mi dúdú nígbà náà. Kí adájọ́ tó dá ẹjọ́ náà, mo ti hu ewú, ògiri ti wó fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń bá a lọ. N kò fẹ́ irú rẹ̀ fún ọ.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo bẹ tíṣà kí ó fún mi ní yàrá kékeré ẹ̀yìn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Ìyá rẹ ní ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni òun ti ń retí ìsinmi, pé ó ti dé báyìí. Mo di aṣọ méjì, mo mú ìwé kékeré kan tí mo máa kọ àkókò ariwo sí, mo lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lórí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni mo ń rí àwọn nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Láti aago mọ́kànlá títí di aago méjì, ó máa ń dákẹ́. Búrẹ́dì ló máa ń jẹ, orí ìdúró ló sì máa ń jẹ ẹ́. Yàtọ̀ sí àwọn oníbàárà, n kò rí ẹni tó yà kí i. Ó ń gbá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Lọ́jọ́ kan ó parí irin ojú fèrèsé kan tó dà bí ewé, ó gbé e sókè kí oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Nígbà tó rí i pé mò ń wo òun, ó gbé e sílẹ̀ kíá bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni òjò rọ̀. Ó tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òjò náà kò kìlọ̀ fún ẹnì kankan. Mo sáré lọ ti fèrèsé ilé ìdáná, ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìró korobá. Mo yọjú wo ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Gbogbo omi òrùlé ilé ìdáná rẹ ló ń ya lu orí ògiri rẹ̀, tó sì ń ṣàn wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀. Ó ti ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó ń gbọ́n omi jáde. Mo rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Mo rí àwọn páálí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń jó irin pọ̀, tó fi ọ̀rá wé, tó so kọ́ òrùlé. Ọkùnrin náà kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì kánjú. Ó ń gbọ́n omi náà bí ẹni tó mọ iye korobá tó kù.

Ohun tí ẹnu mi kò lè sọ lórí fóònù ló kàn báyìí.

O rántí pé ọdún kan lẹ́yìn tí o ra ilé náà, o ní kí a fi ilé ìdáná tuntun kún un, o sì ní kí n máa mójú tó iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí káfíńtà fẹ́ kan òrùlé, ó pè mí, ó ní, "Bàbá, apá ibo ni kí omi máa dà sí? Iwájú, ọgbà yín nìyẹn. Ẹ̀yìn, ọ̀dọ̀ wẹ́dà nìyẹn." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin koríko síwájú ilé náà nígbà náà ni, ó ń wù mí wò. Mo ní, "Dà á sẹ́yìn. Má jẹ́ kó ba iwájú ilé ọmọ mi jẹ́." Káfíńtà ní, "Ẹni tó wà lẹ́yìn ńkọ́?" Mo ní, "Òun náà ní òrùlé."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn. N kò tún rántí rẹ̀ láti ọjọ́ náà, àfi bí mo ṣe dúró lójú fèrèsé yẹn tí òjò ń rọ̀. Ọdún mẹ́rin ni ọkùnrin náà ti fi ń gbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu mi jáde nínú yàrá rẹ̀.

Mo bi ara mi pé kí ló dé tí kò wá sọ. Èyí ló gbé mi dé ọ́fíìsì ejẹ́ǹtì tó ń bójú tó ilé náà kí n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó tú fáìlì rẹ fún mi. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ láti ọwọ́ wẹ́dà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti ya àpòòwé wọn. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò fi jíṣẹ́?" Ó ní, "Bàbá, mo rò pé kò tó ohun tá a ń tìtorí ẹ̀ yọ ọmọ yín lẹ́nu níbi tó wà lókè òkun ni." N kò bá a jà. Mo ti jà tó fún ọdún yìí.

Mo fi lẹ́tà àkọ́kọ́ sínú àpòòwé yìí kí o lè fi ojú ara rẹ rí i. Ó fi rúlà fa ìlà sí bébà náà kó tó kọ ọ́. Ó ní: "Ẹ̀yin onílé tí mi ò mọ̀, mo kí yín. Mo kí àwọn ará ilé yín. Omi òrùlé ilé ìdáná yín ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi àti ibi tí mo ń sùn. Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ yí i padà, màá bá yín ṣe àwọn irin tó máa gbé e dúró, mi ò ní gba nǹkan kan." Èkejì kúrú, kò sí ìkíni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò ju ìlà kan lọ: "Ẹ ṣeun. Mo ti gbọ́ ìdáhùn yín." A kò sì dá a lóhùn rí. Ọmọ mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Má-kí-mi ló kọ́kọ́ kí wa.

Mo padà lọ bá a lọ́jọ́ kejì láago méjìlá, ìgbà tí mo mọ̀ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ń sinmi. Aṣọ ilé ni mo wọ̀ pẹ̀lú sálúbàtà. Mo ṣí fìlà mi. Mo lè bí i lọ́mọ, ṣùgbọ́n n kò tún pè é ní ìwọ. Mo ní, "Èmi ni mo ní kí káfíńtà da omi yẹn sí ọ̀dọ̀ yín. Ọmọ mi ò mọ̀, lẹ́tà yín ò dé ọwọ́ ẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Ó gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú agolo ọ̀dà ńlá kan, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìdí rẹ̀, ó tì í sọ́dọ̀ mi. Mo jókòó. Ó wá ní, "Ọdún mẹ́rin, Bàbá. Mo rò pé ẹ kà á, ẹ sì fi mí rẹ́rìn-ín ni." Ó dìde, ó lọ mú ìwé kan wá. Inú ìwé náà ló ti fi ogún ọdún ya àwòrán gbogbo géètì tó ti ṣe, láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Gbogbo ojú ewé rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn, yíǹkì ti ṣàn, ó ti di búlúù látòkè délẹ̀. Ó ní, "Mi ò lè yà wọ́n mọ́. Àwọn míì, mi ò rántí wọn." Mo fi ọwọ́ méjèèjì dá ìwé náà padà fún un.

N kò ní tàn ọ́ pé kò sí ẹ̀bi lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un níbẹ̀ pé àwọn ayálégbé kò mọ nǹkan kan nípa òrùlé, pé kò dára bó ṣe ń sun rọ́bà sí wọn nímú, pé ọmọbìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn nítorí àìsùn. Ó wò mí. "Aláìsàn wo?" Mo ní, "Nọ́ọ̀sì ni. Òru ló ń ṣiṣẹ́." Ó ní, "Mo rò pé ọ̀lẹ ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá yọjú, ó ń sùn lọ́sàn-án gangan." Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn mí tó, ẹ̀rín ló pa mí. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wo fèrèsé yàrá nọ́ọ̀sì. Nígbà tó yá ó ní, "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi nìyí, Bàbá. Mi ò lè fi eyín gé irin."

Káfíńtà wá lọ́sẹ̀ náà, ó yí òrùlé náà padà sí iwájú, wọ́n sì so páànù tó máa gba omi lọ sínú gọ́tà ìta. Wẹ́dà kò gbà kí ẹnikẹ́ni mìíràn ṣe àwọn irin tó gbé páànù náà dúró. Òun ló jó wọn, òun ló gun àkàbà, ó sì bá káfíńtà jà lórí gbogbo ìṣó tó kàn. Mo fẹ́ dúpẹ́, ó yí ẹ̀yìn sí mi. Iwájú ilé náà ti di ẹrẹ̀ báyìí torí gọ́tà náà máa ń kún bí òjò bá pọ̀, gbogbo koríko mi sì ti kú. Ó tọ́ sí mi.

Ní ti ariwo, àdéhùn wa ni pé nọ́ọ̀sì á máa kọ àwọn ọjọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé sórí páálí, á sì fi kọ́ ara ògiri tó kọjú sí ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, wẹ́dà á máa wọn irin, á máa kun ọ̀dà, á máa ṣe gbogbo iṣẹ́ tí kò ní ariwo títí di aago méjì. Lọ́jọ́ tí kò bá sí nǹkan lórí páálí, ó lè bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́jọ.

Kò rọrùn bí mo ṣe kọ ọ́ yìí o. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní Ọjọ́bọ̀, ó gbàgbé, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ láago mẹ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì dìde tòun ti aṣọ ìsùn, ó so ìró mọ́ ọn, ó lọ dúró níwájú rẹ̀, ó na ìka sí páálí náà. Wẹ́dà pa ẹ̀rọ. Kò bẹ̀bẹ̀, kò ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì padà lọ sùn. Ọ̀rọ̀ èéfín náà tún gba oṣù kan gbáko. Tíṣà bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdọ̀tí rẹ̀ lọ sí ààtàn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Títí di òní, bí o bá kí i láàárọ̀, kò ní dáhùn. Mo ti gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ìyá rẹ kò tíì gbà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ yẹ ẹ̀rọ omi wò nínú ilé náà. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù. Tíṣà wà nílé ìwé, nọ́ọ̀sì ń sùn, mo sì ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn bí olè. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà ni, ó gbé géètì kan tó wọ́ wá, ó ń pariwo pé ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n gé e kí wọ́n sì jó o padà, pé òun kò ní kúrò níbẹ̀, pé bí wẹ́dà kò bá ṣe é, òun á gbé e lọ fún ẹlòmíràn, òun kò sì ní padà wá mọ́ láéláé. Mo dúró sí ilé ìdáná, mo di ẹ̀rọ omi mú, mò ń dúró kí ariwo irin bẹ̀rẹ̀.

Ohùn wẹ́dà ni mo gbọ́. Ó rẹlẹ̀ débi tí mo fi ní láti fi etí mọ́ ògiri. Ó ní, "Ẹ gbé e lọ tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ń sùn."

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ nìyí pé kí o má tíì ta ilé náà. Bí o bá sì rí àyè, kọ ìlà méjì sí ọkùnrin náà ní orúkọ ara rẹ. Ìwọ ló kọ lẹ́tà sí, kì í ṣe èmi.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má já sí òfo. Níbi tí o bá ń gbé, kí o bá aládùúgbò rere pàdé, kí ìwọ náà sì jẹ́ ọ̀kan fún wọn. Kí ojú wa tún rí ara wa láyọ̀, kí orúnkún mi sì le tó láti wá pàdé rẹ nígbà tí o bá ń bọ̀. Ìyá rẹ ní kí o máa jẹun dáadáa. Ó dúró sí mi lórí pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹ̀fọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tó sì jẹ ọ́ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀,

Akọ̀wé ilé ẹjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: tíṣà ní kí n sọ fún ọ pé wọn kò kó lọ mọ́, àti pé ìyàwó òun ti lóyún oṣù márùn-ún. Mo lọ ta wẹ́dà lólobó pé kí ó múra sílẹ̀, pé láìpẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni ariwo á ti máa wá. Ó ronú sí i dáadáa kí ó tó bi mí pé, "Ṣé ọ̀sán lòun náà á máa sùn ni, ká tètè wá páálí tó tóbi?"